Bọ́ọ̀lù Tó Bọ́ Sáàárín Wa

Oṣù Kẹsàn-án ni. Àgbàdo Nẹbrásíkà ṣì dúró lóko,
ewé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n létí.
A ti pàdé ẹgbẹ́ mẹ́jọ, a ti na mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.
Ọkùnrin tó ń ta kọfí lẹ́bàá ilé ìkàwé ti mọ orúkọ mi,
ó ń kọ ọ́ sára ife láìbéèrè: Marit.

Ta ló ní kí n má dúró mọ́ lẹ́yìn ìgbáradì?
Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.
Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àádọ́ta bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá kọjá àwọ̀n
nígbà tí àwọn yòókù ti lọ wẹ̀.
Lọ́sẹ̀ kejì ó di ọgbọ̀n.
Lọ́sẹ̀ kẹta mo wo aago, mo wo apá mi,
mo ní apá yìí ti gbọ́n.
Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn rọra tì lẹ́yìn mi, kò pariwo.
Nǹkan tó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ kì í pariwo.

Ojú tó ti rí òkun, ṣé ọ̀sà ni yóò bà á lẹ́rù?
Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn nínú bọ́ọ̀sì.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣẹ́gun wa.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan, ní ìkòríta tí kò ní ju ilé epo kan lọ.
Gbọ̀ngàn wọn ń rùn òórùn gúgúrú,
iná kan lókè ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn.
Ọmọ tó dojú kọ mi lẹ́nu àwọ̀n kò ga tó èjìká mi.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí: mo rẹ́rìn-ín.

Sẹ́ẹ̀tì kìíní, tiwa. Ìkejì, tiwa.
Mo ti ń ro ohun tí màá jẹ.
Ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù tó yẹ kó kú kọ̀ tí kò kú mọ́;
wọ́n ń fàyà wọ́ lórí pákó,
wọ́n ń fi ìkúùkù gbé e dìde,
ọmọ kúkurú yẹn fò,
ó fò títí n kò fi rí i bí ọmọ kúkurú mọ́.
Ìkẹta, tiwọn. Ìkẹrin, tiwọn.

Ìkarùn-ún: wọ́n ní mẹ́rìnlá, a ní mẹ́tàlá.
Bọ́ọ̀lù kan ga, ó lọ́ra, ó ń bọ̀ wálẹ̀
láàárín èmi àti Odalys,
bọ́ọ̀lù tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbá.
Mo wo Odalys. Odalys wò mí.
Ó bọ́ sáàárín bàtà wa,
ó ta lẹ́ẹ̀kan, ó ta lẹ́ẹ̀kejì, ó yí lọ sábẹ́ àga.
“Mo rò pé tìẹ ni.”
“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.”

Kóòṣì Pruitt kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.
Ó kó bọ́ọ̀lù sápò lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ní, “Ẹ mu omi,” ó wọkọ̀.

Agogo kan òru, à ń kọjá lẹ́bàá oko olóko,
mo rántí bàbá mi nínú irú oko bẹ́ẹ̀,
bó ṣe máa ń já àgbàdo kan,
á feyín gé hóró rẹ̀ wò, á tu ú dànù.
Ẹ bi í bóyá ọdún yìí yóò dára, kò ní dáhùn.
Ó ti rí yìnyín tó fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá
pa iṣẹ́ ọdún kan.
Àgbàdo tí kò tíì wọ àká, lójú bàbá mi, ewé lásán ni.
Mẹ́jọ tí mò ń kà yẹn, ewé ni.

Láàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kucera tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn
ṣílẹ̀kùn fún mi láìsọ̀rọ̀.
Orúnkún mi ṣì ń ro mí.
Mo gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó kọ́ àwọ̀n.
Apá yìí kò gbọ́n. Ó kàn ń rántí ni,
ohun tó sì ń rántí a máa gbàgbé.
Mo gbé òmíràn. Mo gbé òmíràn.
Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sára ògiri,
mò ń sáré pàdé rẹ̀, èmi nìkan, mò ń kígbe:
“Tèmi! Tèmi ni!”
Ọ̀gbẹ́ni Kucera gbójú sókè,
ó wò mí díẹ̀,
ó padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀.