Ṣọ́ọ̀kì Lára Ilẹ̀kùn

Férémù ilẹ̀kùn wa ní Òkè-Fíà,
igi ìrókò ni, ikán ò tíì rí i jẹ.
Apá ọ̀tún ni bàbá ti ń wọn gíga wa,
èmi àti Kàdírì àbúrò mi,
pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó ń kó bọ̀ nínú àpò aṣọ iṣẹ́,
èyí tí wọ́n fi ń sàmì sí irin nílé iṣẹ́ wọn.
Apá òsì ló ń kọ iye irin tí wọ́n yọ lójúmọ́ sí.
Àwa ń ga, irin ń pọ̀.
Mo rò pé ohun kan náà ni wọ́n.

Mo fi ọdún mẹ́rin ju Kàdírì lọ,
mo fi orí àti ọrùn ga jù ú.
Bàbá á ní, “Má sunkún.
Ẹni iwájú ló ń fi ẹsẹ̀ gbọn ìrì,
ọ̀nà gbígbẹ ni ẹni ẹ̀yìn ń gbà.
Ẹ̀gbọ́n rẹ máa tó dúró. Ìwọ ṣì ń lọ.”
Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.
Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún
àmì tèmi ò kúrò lójú kan mọ́,
tiẹ̀ ń gun igi bí alángbá,
títí ìlà méjèèjì fi di ẹyọ kan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni apá òsì dákẹ́.
Iye irin já wálẹ̀, ó tún já wálẹ̀,
ó di òdo tí bàbá ò kọ,
torí ta ní í fi ṣọ́ọ̀kì kọ òdo?
Ó fi aṣọ iṣẹ́ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Ó wà níbẹ̀ dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Fátókí gbé ṣáàfù ẹ̀rọ ìlọta wá,
olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ni.
Ó jókòó sórí táyà, ó ń ṣàlàyé
pé ìlú tó kẹ́yìn ló yẹ kó yára jù,
pé ẹ̀rọ tí ẹlòmíì fi ọgọ́rùn-ún ọdún wá kiri,
èèyàn lè rà á lọ́jọ́ kan ṣoṣo,
bó pẹ́ bó yá, gbogbo wọn á pàdé.
Mo ní, “Olùkọ́, níbo?”
Ó rẹ́rìn-ín.
“Bí nǹkan yòókù bá dọ́gba ni.”

Ìrì wo ni Èkó gbọn fún wa?
Ojú irin rélùwéè ṣì wà lẹ́yìnkùlé ìyá mi,
ewúrẹ́ ló ń rin ibẹ̀.
Ọ̀nà lè gbẹ o. Bí bàtà ò bá sí ńkọ́?

Kàdírì wà ní Póláǹdì báyìí.
Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa níṣẹ́ léètì ní Ògo-Olúwa,
bó ṣe ń di irin mú ni mo ṣe ń dì í mú.
Ó ní àádọ́jọ ṣáàfù lòun ń gbẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.
Èmi, méje. Lọ́jọ́ tí iná bá wá, mẹ́tàlá.
Lọ́jọ́ tí dísù bá wọ́n, mo ń gbálẹ̀ ni.
Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín ṣá yá ju tèmi lọ.”
Mo mọ̀.
Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Wọ́n ní ìka ò dọ́gba.
Ẹ ká wọn mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó,
orí gbogbo wọn á dé ojú kan.
Ẹni tó bá rí nǹkan dì mú
nìka rẹ̀ ń dọ́gba.

Láàárọ̀ yìí, Mọnsúrátù, ọmọ Ìkìrun tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi,
fẹ̀yìn ti férémù, ó na ọrùn.
“Ọ̀gá, ẹ wọ̀n mí.”
Mo ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ bàbá,
ẹyọ kan ṣẹ́kù níbẹ̀, kò ju eyín lọ.
Bí mo ṣe gbé e dé orí rẹ̀ báyìí
ni iná dé. Léètì kùn.
Ó ti sáré lọ sídìí rẹ̀,
èmi sì dúró, mo na ṣọ́ọ̀kì sókè,
kò sí orí lábẹ́ ọwọ́ mi.