Ìṣẹ́jú Méjì-Méjì

Èmi ni wọ́n ní kí n máa wo aago
nínú gbọ̀ngán ìlú Porth Eilwen, létí òkun Wales,
ní Sátidé tí òjò ò jẹ́ kí ẹyẹ òkun fò.
Ìṣẹ́jú méjì péré fún oníṣòwò kọ̀ọ̀kan
kó fi ara rẹ̀ han gbogbo ayé.
Àádọ́jọ àga la tò sílẹ̀ fún gbogbo ayé.
Gbogbo ayé ò wá.

Àwa mọ́kànlá bá kó ara wa jọ síwájú,
a ń wo ara wa
bí ẹni tó wọ ẹ̀wù tuntun tí kò rí dígí.

Nesta tó ń ta òwú ìhunṣọ ló kọ́kọ́ dìde.
"Orúkọ mi ni Nesta," ó wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
"ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì tó ti kógbá sílé."
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí, tìyanu-tìyanu,
àfi bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ó kan Tudur, tó ń mú àlejò gun ilé iná òkun.
Ó ní àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́jọ,
ó ní ẹni tó bá dé òkè pátápátá á rí Ireland
bí ojú ọjọ́ bá gbà.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ọdún kẹrìndínlógún mi nìyí níbẹ̀.
Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mẹrin."

Heulwen olóyin gbàgbé gbogbo ohun tó há sórí.
Ó kàn ṣí ìgò kan,
ó ń gbé ṣíbí láti ẹnu dé ẹnu.
Oyin òdòdó orí òkè: ó dùn,
ó wá korò fírí lẹ́yìn ahọ́n.
Mi ò rántí wo aago.

Meirion oníhò àpáta ní dírágónì kan sùn síbẹ̀ rí,
àpá èékánná rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.
"Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n mi lẹ fi àáké ha á," ni Nesta wí.
"Mo wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí."
Meirion ò ta pútú.
"Ó ti pẹ́ tó," ó ní, "ó ti di àtijọ́."

Idwal atúnbàtàṣe kò tilẹ̀ dìde.
"Èmi ni mo kan àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tí ẹ fi sin bàbá yín.
Ẹsẹ̀ yín ni mo mọ̀ ju ojú yín lọ.
Nesta, gìgísẹ̀ òsì lo máa ń tẹ̀ jẹ.
Tudur, láti ọjọ́ tí Mair ti lọ
lo ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀."
Aago dún gbinrin. Kò sẹ́ni tó mira.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí.
Obìnrin kan, omi ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀:
"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà?"
Ọwọ́ mọ́kànlá nà lẹ́ẹ̀kan náà.
Kó tó padà jáde, a ti jókòó ṣanṣan
bí ọmọ ilé ìwé tí alábẹ̀wò dé bá.
Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ti là, ó ń yanu bí ọ̀pọ̀lọ́,
pàá, pàá, lórí pákó.
Idwal ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀,
ìṣó mẹ́ta láàárín ètè,
kò sọ orúkọ, kò sọ iye.

Obìnrin náà lá oyin, ó ra òwú pupa kan,
ó ní bọ́ọ̀sì òun ń bọ̀ láago mẹ́rin.
Ó lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dún mọ́.

Ó wá ku èmi.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ mi,
ìwé rẹ̀ ti rin nínú àpò.
Mo gbé aago fún Heulwen,
mo kọjú sí ènìyàn mẹ́wàá
tí wọ́n mọ orúkọ mi kí n tó mọ̀ ọ́n:
"Orúkọ mi ni Eluned. Mo ní yàrá àlejò méjì.
Èyí tó kọjú sókè ò ní ariwo.
Èyí tó kọjú sí òkun,
ibẹ̀ ni ìyá mi kú sí,
èmi náà ò sì tíì sùn níbẹ̀ rí,
ṣùgbọ́n wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ tètè ń mọ́."