Ẹ̀gbọ́n Mi Òtítọ́jù, Lẹ́yìn Ìwàásù

Ẹ̀gbọ́n mi Òtítọ́jù, ọ̀kun o.
Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí lánàá, lẹ́bàá fèrèsé tí kò ní gíláàsì.
Ẹ ò dárúkọ mi. Ẹ kàn ní tíṣà kan wà nílùú yìí
tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀bọ ni baba ńlá wọn.
Gbogbo orí yí wá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ní: bí ọpọlọ bá jẹ́ ohun tó kàn hù,
tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ mọ,
kí ló dé tí a ó fi gba ohun tó bá rò gbọ́?
Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kí èmi náà pa á.

Ṣùgbọ́n mo gba oko àgbàdo yín kọjá,
èyí tó wà nídìí àpáta, lójú ọ̀nà Mọ̀pà,
mo bá àwọn ọ̀bọ níbẹ̀.
Ọ̀kan wà lórí igi, ó ń ṣọ́nà.
Ajá yọ, ó ké igbe kan: gbogbo wọn gungi.
Àwòdì yọ, igbe mìíràn ni: wọ́n kó sábẹ́ ewé.
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bọ tó bá pe àwòdì ní àdàbà
kì í bí ọmọ-ọmọ.
Irọ́ lówó lórí nínú igbó. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń san án.

N ò ní ọpọlọ kì í ṣìnà o.
Èmi yìí ti dọ̀bálẹ̀ fún kùkùté ní ìdájí,
mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá."
Bó bá jẹ́ ọwọ́ tí kì í ṣàṣìṣe ló gbẹ́ ojú mi,
ta ló fi kùkùté ṣe bàbá fún mi?
Nítorí ojú ń tanni la ṣe ń lo òṣùwọ̀n,
la ṣe ń pe ẹnìkejì, "Wá bá mi wò ó."

Ẹ tún ní ohun tí kò lérò kò lè bí èrò.
Ibíyẹmí ọmọ yín ńkọ́?
Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ní ọsibítù Ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́,
ó ń wo àjà bí ẹni tí kò tíì dé.
Lónìí ó ń bá mi jiyàn lórí ìṣirò.
Ọjọ́ wo gan-an ni èrò wọlé? Ẹ fìka tọ́ka sí i.

Àti Ìyé wa.
Èyí ni kò jẹ́ kí n sùn.
Lẹ́yìn ẹ̀gbà yẹn, ó mọ orin ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin,
kò mọ orúkọ wa.
Ẹ̀jẹ̀ dídì tí kò tó hóró ẹ̀wà ló gbé wa lọ.
Bí ọkàn bá jẹ́ àlejò nínú ilé ara,
kí ló dé tí ògiri kan wó
tí àlejò gbàgbé àwọn ọmọ rẹ̀?
Mo bi yín lọ́jọ́ náà. Ẹ ò fèsì. Ẹ kàn ń nu ẹnu rẹ̀.

N ò mọ bí iṣan ṣe ń di ìfẹ́.
Ṣùgbọ́n "n ò mọ̀" kì í ṣe àga òfìfo
tí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé lè jókòó lé.

Ẹ wá jẹun lálẹ́, iṣu wà.
Ọ̀wọ́ àgbàdo méjì ti lọ, ẹ̀gbọ́n.
Ẹ jẹ́ ká wá bí a ó ṣe máa ṣọ́ oko yẹn:
àwọn ọ̀bọ ti mọ
ọjọ́ tí ẹ máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.