Ìka Ọmọdé

Ìka kan péré ló wà láàárín táyà àti irin ṣọ́ọ̀kù,
ìka ọmọdé, kì í ṣe ti Nibaldo.
Ti Nibaldo ti wú bí kárọ́ọ̀tì, ogún ọdún òtútù ló wú u.
Ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀,
ọwọ́ há.
"Yasna! Ìwọ tí ọwọ́ rẹ kò tíì jìyà, wá bá mi wọ̀n ọ́n."
Mo wọ̀n ọ́n. Ìka mi wọlé. Èékánná mi kan irin
tó tutù débi pé ó jó mi.

Oṣù keje nìyí, oṣù tí òkè Farellones ń wọ funfun,
tí àwa oníṣẹ́ẹ̀nì ń tò sí ẹ̀bá títì,
ẹ̀wọ̀n lọ́rùn, àsíá pupa lọ́wọ́.
Ọlọ́pàá dúró níwájú wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn:
kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí òkè.
Ayé tiwa nìyẹn. Ẹni tí a bá fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè lẹ́sẹ̀,
òun ni yóò rìn;
ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣófo ni yóò yọ̀ lọ sí àfonífojì.

Ìyá tó wa ọkọ̀ náà wá, Eduvina, kò jókòó.
Ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ ló gé sípíríǹgì
kí ọkọ̀ lè máa fàyà fà bí ejò,
ọmọ ló ra táyà tó fẹ̀ tó báyìí, nítorí ẹwà,
ọmọ náà ló wà lókè, ní ilé ìwòsàn àwọn tó ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín,
ẹsẹ̀ kan nínú símẹ́ńtì.
"Ẹ ṣáà fi èyíkéyìí sí i. Owó rèé."

Custodio ti gbọ́ "owó." Ó ti ń na ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ bọ̀,
èyí tó nípọn bí okùn màlúù.
Nibaldo mi orí. "Ó lè wọ̀ ọ́, màmá.
Ẹ ó sanwó, ẹ ó gòkè, ẹ ó dé kọ́nà kẹta,
ibẹ̀ ni yóò ti gé rọ́bà bíréèkì yín bí ẹni gé ìwọ́ ọmọ tuntun.
Ẹ̀wọ̀n tí kò mọ ìwọ̀n, ọ̀tá ẹsẹ̀ ni."
Custodio pòṣé. Ọkọ̀ mẹ́rin ti yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ẹrù wa ni tín-ín-rín náà wà,
mìlímítà méje,
èyí tí Nibaldo rà, tí ìyàwó rẹ̀ fi bá a jà ní odidi Kérésìmesì.
A tẹ́ ẹ sílẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò, kò lọ́.
Ojú ìkọ́ síta, kí ó má bàa gún táyà.
Mo sùn sílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí yìnyín,
mo ń fi ìka wá ohun tí ojú ò rí
títí ó fi dún: kó.
Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Òtútù ti pa ìrora rẹ̀.

Ẹ wà á ní ogún ìṣísẹ̀. Ẹ dúró. A tún fà á le.
Ẹ yí i sósì: ó dákẹ́.
Ẹ yí i sọ́tùn-ún: ṣìììì.
Nibaldo yọ ìwé rìsíìtì lápò, ó fi sáàárín;
ìwé wọlé, etí rẹ̀ ya.
"Ẹ má yí i tán sọ́tùn-ún. Ẹ gba ìta kọ́nà. Bí ó bá pariwo, ẹ bẹ̀ ẹ́.
Owó di ìgbà tí ẹ bá bọ̀."

Ilẹ̀ ti ṣú, òkùnkùn ti so òkè mọ́ ọ̀run,
nígbà tí iná kan ń rọra bọ̀ láti kọ́nà dé kọ́nà,
ṣàràṣàrà, ṣàràṣàrà.
Ọmọ náà na ẹsẹ̀ símẹ́ńtì sórí àga ẹ̀yìn.
Ó yọ orí síta: "Ìwé ọkọ̀ yìí ní kò lè gba ẹ̀wọ̀n o."
Nibaldo ń ka owó, kò gbójú sókè.
"Kò gbà á. A bẹ̀ ẹ́ ni."

Èékánná mi dúdú títí di oṣù kẹsàn-án.