Ojú Kan Ṣófo

Bí ọyẹ́ bá ti la ètè wa ní Èbúté Mẹ́ta,
Màmá á wọ́ àpò ìrẹsì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Kì í ṣe ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀.
Àjákù ni, àjákù ọdún kan gbáko:
ẹsẹ̀ ṣòkòtò, apá bùbá, etí kọ́tìnì,
kákí tí bàbá wa fi ṣiṣẹ́ relùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì,
tó ṣì ń rùn bí òróró ọkọ̀ ojú irin
láti ọjọ́ tí a ti ń fọ̀ ọ́.

Òfin ilé wa kò ṣòro:
ẹni tó bá máa jẹ ìrẹsì Kérésì
á kọ́kọ́ rán ojú kan mọ́ aṣọ ìbora.
Ọmọ, àna, àlejò tó ṣèèṣì yà,
abẹ́rẹ́ ò mọ ẹni ọ̀wọ̀.
Ọkọ Ìbírónkẹ́, lọ́yà gidi,
gún àtàǹpàkò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó ní òun máa pe abẹ́rẹ́ lẹ́jọ́.

“Èkó ò kúkú tutù, Màmá,” ni mo wí lọ́dún kan,
“kí la fẹ́ fi aṣọ tó wúwo báyìí ṣe?”
Wọ́n fi eyín já òwú, wọn ò wò mí:
“Ṣé òtútù nìkan là ń tìtorí ẹ̀ bora ni?”

Lọ́dún yìí, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì.
Fẹ́yíjimí ọmọ mi ló bá wọn fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́,
ogún abẹ́rẹ́, ó gún wọn mọ́ ìrọ̀rí,
wọ́n dúró bí lékeléke lórí igi nírọ̀lẹ́.
A rán an lórí ẹní, oníkálukú di etí tirẹ̀ mú,
jẹnẹrétọ̀ alámùúlégbè ń bú ramúramù,
adìẹ tí a so lẹ́sẹ̀ ń wò wá bí ẹni tó mọ ọjọ́.

Ojú mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Ọ̀kan ṣófo láàárín.
Mo na àjákù àǹkárá kan láti fi dí i,
Màmá gbá mi lọ́wọ́ bí ọmọ ọdún mẹ́rin.
“Ti Dáhùnsí nìyẹn.”

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ọdún mẹ́fà rèé tó ní ká ta ilé yìí,
tí a ní a ò tà,
tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ tó ń mì.
Ṣómólú tó ń gbé ò jìnnà.
Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ á dé ká tó jẹun ọ̀sán.

Lálẹ́ Kérésìmesì, èmi ni aṣọ náà kàn.
Mo fi bora, ihò náà bọ́ sí àyà mi gan-an,
ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́,
ibẹ̀ ni ọyẹ́ gbà wọlé títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a ń gbá eegun adìẹ lọ́wọ́,
ó dúró lẹ́nu géètì. Àbúrò mi ti hewú.
Kò mú ẹ̀bùn wá, kò mú àjákù wá,
ó kàn ń fi ìmú bàtà kọ nǹkan sínú iyanrìn.
Màmá ò kí i káàbọ̀. Wọ́n ní, “Ṣé o ti jẹun?”
Ó ní rárá.
Wọ́n ní, “O mọ òfin.”
Wọ́n mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n tú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀
kó tó ráyè jókòó,
bírò ṣì wà nínú rẹ̀.

Ó rán an fúnra rẹ̀. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ.
Ó jẹ ìrẹsì àná nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá,
àfi ojú kan láyà rẹ̀
tó ṣì búlúù bí ọjọ́ tó rà á.
Ọ̀rọ̀ ilé? Kò sẹ́ni tó dá a sílẹ̀. Ó ṣì wà ńbẹ̀.

Àpò náà ò sì tó ihò.
Ó ku ìbú ìka kan lápá òsì.
Ìbírónkẹ́ ní ká lẹ nǹkan mọ́ ọn. Màmá ní ká fi sílẹ̀.
Nígbà tó dalẹ́, Fẹ́yíjimí dùbúlẹ̀ sábẹ́ aṣọ,
ó yọ ìka jáde níbi tó ṣẹ́ kù,
ó ń mì ín: “Ọ́ńkù, ìka ta nìyí?”

Dáhùnsí ronú pẹ́.
Ó dárúkọ gbogbo wa, lọ́kọ̀ọ̀kan,
kó tó dárúkọ tirẹ̀.