Ìdí Ìkòkò

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.
Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kó tó bọ́ sẹ́nu ẹlòmíràn.
Ọyẹ́ ti bo orí òkè ní Kàbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà,
ẹ̀wà ń jóná níṣojú ọmọ mi,
ó tẹjú mọ́ fóònù, ó ń yìnbọn fún ẹni tí kò rí rí.
Mo ní, "Jùwọ́n, olójú ìdí ìkòkò!"
Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó bú sẹ́rìn-ín.
"Ìyé mi, ẹ tún un sọ."

N ò tún un sọ. Òun ló tún un sọ.
Lóru, fóònù rẹ̀ ń pariwo bíi rédíò,
ó ń lọgun mọ́ ẹnì kan tó wà n'Ílọrin tàbí Jọ́ọ̀sì, ta ló mọ̀:
"O ti kú! Ìdí ìkòkò! Dìde kí n tún ọ pa!"
Onítọ̀hún náà ò dákẹ́. Ó bú ohun tí ìyá Jùwọ́n fi bí i.
Ìyá Jùwọ́n ń ka owó iṣu lórí bẹ́ẹ̀dì.
Ó gbọ́, ó sì ṣi owó náà kà.

Kó tó di oṣù tí kaṣú ń já bọ́,
àwọn ọmọ ilé-ìwé ti gé e kúrú, wọ́n ń pè é ní "ìdíkò",
wọ́n ń fi ṣe ẹ̀sín ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọgbó.
Ọlọ́kadà fi bú ọlọ́kadà ní gáréèjì.
Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Ẹ̀bìrà kan tó ń ta ẹja,
ó pè é já gaara ju bí èmi ṣe pè é lọ.

Ìgbà náà ni ìbò kánsílọ̀ dé.
Ọkọ̀ Ọbájẹ́mú rọra ń yí lọ lójú títì,
sípíkà mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń húkọ́.
Ẹni tí wọ́n jọ ń díje ni Tíṣà Mẹ́sẹ̀kọ́,
ẹni tó kọ́ ìdajì ìlú ní ìṣirò,
tó dúdú, tó ń rọra rìn, tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì.
Ọbájẹ́mú gba máìkì:
"Ẹ wo ìdí ìkòkò! Ìsàlẹ̀ ti jó, òkè ò jinná!"
Ìlú rẹ́rìn-ín.
Ẹ má wojú mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
mo fọwọ́ ti ògiri kí n má baà ṣubú.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n fi èédú ya ìkòkò tó dojú délẹ̀
sára ilé Tíṣà. Wọ́n ya ẹsẹ̀ sí i,
wọ́n ya ohun mìíràn sí i tí n ò ní kọ síbí.

Jùwọ́n ní ẹnì kan tí wọ́n jọ máa ń ṣeré, Àṣá ló ń jẹ́ níbẹ̀.
Àwọn méjèèjì ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn ara wọn lójú ogun.
Lóru ọjọ́ náà Jùwọ́n pa ènìyàn mẹ́ta, ó kígbe èébú yẹn.
Fóònù dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọbìnrin:
"Bàbá mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."
Àṣá fò lọ. Kò padà mọ́.

Mo mú kàn-ìn-kàn-ìn, mo lọ.
Tíṣà wà lórí àpótí, ó ti ká ṣòkòtò dé orókún.
"Òkun o," ni mo kí i.
Ó ní, "Ìyá Jùwọ́n, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ò dúdú,
oúnjẹ ta ló ti sè rí?"
Ó rò pé mo wá bá òun kẹ́dùn ni.
Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ó jókòó síbẹ̀.
Mo ń fọ ẹsẹ̀ ìkòkò, ó ń fọ ẹnu.
Ní fèrèsé, kọ́tìnnì mì díẹ̀.

Ògiri ò mọ́ tán. Ó di òjìji.
Ìbò ti lọ. N ò ní sọ ẹni tó wọlé.

Lálẹ́ àná Jùwọ́n jókòó ti fóònù, kò fọhùn,
ó ń retí orúkọ kan tí kò tanná.
Ẹ̀wà wà lórí iná. Òórùn jíjóná wọlé.
Mo dìde, mo la ẹnu.
Mo pa á dé, mo lọ yọ igi kan lábẹ́ ìkòkò.