Ẹ̀yìn Ìkòkò Aró

Ọjọ́ tó bọ́ sínú aró ni mo sọ ọ́ lórúkọ.
Ọmọ ológbò funfun, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
ó gun etí ìkòkò, ẹsẹ̀ yọ̀, mo figbá bù ú jáde.
Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń rìn kiri Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
bí ègé òfuurufú tó sá kúrò lókè,
àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pè é ní Aláró.

Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé.
Aró ti ṣí lára rẹ̀ tipẹ́. Orúkọ ò ṣí.

Lánàá, èkúté kan gba iwájú rẹ̀ kọjá,
kò sáré. Èkúté ni mo ń wí, kò sáré.
Aláró kàn wò ó bí ìyá àgbà ṣe ń wo ọmọ aládùúgbò
tó gbàgbé láti kí i.

Ògiri tó máa ń fò láì rò ó,
ó dúró nídìí ẹ̀, ó wòkè, ó rò ó,
ó jókòó.
Kò lára mọ́. Eegun ìbàdí rẹ̀ yọ síta
bí igi àga tí tìmùtìmù rẹ̀ ti tán.

Ìbídùn pè láti Ìlọrin: “Màmá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.”
Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, a gun ọ̀kadà dé Òkè-Fìà.
Dókítà Oyèdòtun tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́,
ó bọ́ awò ojú, ó ń nu awò tí kò dọ̀tí.
“Kíndìnrín ni. Abẹ́rẹ́ ìsinmi wà, bí ẹ bá fẹ́.
Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ mú un lọ sílé, kí ẹ máa ṣọ́ ọ.”
A padà sílé.

Ó kọ ẹja ṣáwá. Ó kọ omi ẹja.
Ó wọ́ lọ sẹ́yìn ìkòkò tí n kò rẹ aṣọ sí mọ́,
ó kọjú sógiri.

Hà. Ìkọjúsógiri yìí, mo mọ̀ ọ́n.
Bẹ́ẹ̀ ni Ọlátóógun ṣe lóṣù Agẹmọ ọdún yẹn,
tí mò ń fi ṣíbí kanlẹ̀kùn eyín rẹ̀,
“Gbé e mì. Nítorí mi, gbé e mì,”
tí ògì ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ sórí ìrọ̀rí,
tó ń fojú bẹ̀ mí,
tí mo pe ẹ̀bẹ̀ náà ní àìgbọràn.
Aláró ti mọ̀. Ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sùn sí,
kò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan.

Lálẹ́ yìí, mo gbé ṣíbí kalẹ̀.
Mo tẹ́ ògbólógbòó àdìrẹ sórí sìmẹ́ńtì,
mo jókòó tì í, orúnkún mi ń ké.
Mo gbọ́wọ́ lé e. Nínú lọ́hùn-ún
ó ṣì ń kùn, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ti paná rẹ̀
tí kò tíì dúró.